Ìdajì Abẹ́ Àwo

Ajé, 3 oṣù kẹfà

Inú mi ò dùn, mo sì fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀.

Ìwé yìí, ìṣirò ló yẹ kí n fi ṣe. Ojú ewé méjì péré ni mo lò nínú rẹ̀ kí Màámi tó ní kí n jókòó sílé fún sáà kan. Mo ti fa méjèèjì ya. Ẹni tó bá rí i tó ṣí i, kó yáa pa á dé. Ẹ̀yin Màámi ni mò ń bá wí.

A ò lè dá Màmá àgbà nìkan fi sílé mọ́, ìyẹn ni gbogbo ẹjọ́. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé omi tíì kaná, wọ́n lọ dùbúlẹ̀, omi gbẹ, ìkòkò jó, ògiri ilé ìdáná dúdú kirikiri. Màámi ń lọ aṣọ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọn kì í sì í sanwó fún ẹni tí kò bá wá. Ta ló kù? Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n Màámi ọkùnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Alákòóso nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tí wọn kì í bá a ṣètò, ní kí á gbé Màmá àgbà wá bá àwọn. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni ọ̀dọ̀ wọn, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, gbogbo ará ilé ló sì ń lọ síbi iṣẹ́. Màámi bẹ̀ wọ́n lórí fóònù pé, "Ẹ fún mi ní sáà kan péré."

Ohun tí wọ́n fẹ́ fi sáà náà ṣe ló dé lónìí nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Olú ni. Olú jíjẹ, irú èyí tó máa ń hù lẹ́yìn òjò.

Gbogbo owó tí a fẹ́ fi tún òrùlé ṣe ti wọ inú àpò ọ̀rá tó kún fún lẹ́búlẹ́bú pákó. Tí olú bá hù, ilé oúnjẹ ńlá ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ á rà á, Màámi á fi owó rẹ̀ gba obìnrin kan tí á máa jókòó ti Màmá àgbà, èmi á padà síléèwé. Tí kò bá hù, Màmá àgbà á lọ. Màámi ka gbogbo rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ka àkọ́sórí.

"Ṣé ó yé ẹ?"

Mo ní ó yé mi. Ohun tó yé mi ni pé èmi àti lẹ́búlẹ́bú pákó la ó jọ máa gbélé.


Ọjọ́rú, 5

Ọkùnrin olólú, ìyẹn ẹni tó tà á fún Màámi, kó òfin rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Inú òkùnkùn ni kó wà. Ẹ má tú u. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Tó bá yá, inú ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Tó bá ti funfun tán, ẹ fi abẹ la ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fín omi sí i, olú á yọjú. Màámi ń mi orí bí alángbá. Yàrá kékeré tí à ń kó ẹrù sí la tò wọ́n sí, a fi aṣọ dí fèrèsé.

Màmá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ.

"Kí lẹ kó pamọ́ síbẹ̀ yẹn?"

"Olú ni, Màmá."

"Olú dà?"

"Kò tíì hù."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ wá fowó ra ohun tí kò tíì sí?"

Ohun tí mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ Ajé ni.


Àbámẹ́ta, 8

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ Màmá àgbà ló máa pa mí. Wọn kì í jẹ nǹkan tán. Kò sígbà kan. Wọ́n á jẹ ìdajì, wọ́n á fi àwo dé ìdajì tó kù, wọ́n á wá gbàgbé ibi tí wọ́n gbé e sí. Lónìí mo rí ìdajì ẹyin sísè lójú fèrèsé, ìdajì búrẹ́dì lẹ́yìn rédíò, èyí tó ti bu, àti ìrẹsì kan tó ń rùn nínú àpótí aṣọ. Nínú àpótí aṣọ o! Èèrà ti gba gbogbo síkẹ́ẹ̀tì wọn.

Alásè ni Màmá àgbà tẹ́lẹ̀, ní iléèwé tí àwọn ọmọ ti ń sùn síbẹ̀. Títí ẹ̀yìn wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n ni wọ́n ṣe é. Nítorí náà wọn ò mọ oúnjẹ kékeré í sè, wọn ò sì lè rí ẹni tó ń da oúnjẹ nù kí wọ́n dákẹ́.

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ kì í jẹ ẹ́ tán?"

"Ìdajì yẹn ní ẹni tó ni ín."

"Ta ni?"

"Ẹni tí kò tíì dé."

Ẹ gbọ́ nǹkan. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ fún ajá onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé wa. Ajá yẹn ti sanra ju èmi lọ. Onígbàjámọ̀ rí mi, ó gbé abẹ sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá olólú! Ẹ kú ìdókòwò o! Ṣé ó ti bímọ?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Má bínú. Èmi náà ti dókòwò rí. Wọ́n ní kí n fowó sí inú fóònù, pé tówó bá sùn mọ́jú, á jí ní ìlọ́po méjì." Ó fẹ́ irun kúrò lára kọ́ḿbù. "Ó sùn lóòótọ́. Kò jí mọ́."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ yíjú sẹ́yìn wò bóyá Màámi wà nítòsí.

Màámi ní kí n máa ka àpò olú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ogójì ni. Mo kà á, mo rí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo tún un kà, ó ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi àti ìṣirò kì í ṣọ̀rẹ́, òkùnkùn tún wà níbẹ̀. Nígbà tí Màámi béèrè, mo ní ogójì.


Ìṣẹ́gun, 11

Òjò. Òrùlé jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá àgbà. Mo gbé báfù síbẹ̀, ó jò sí ẹ̀gbẹ́ báfù. Mo sún báfù, ó jò síbi tí báfù wà tẹ́lẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún un.

Owó ẹyin ti gun àjà. Ẹyin kan ni èmi àti Màámi pín. Màmá àgbà ní odidi tiwọn, wọ́n sì tún dá ìdajì rẹ̀ sí.

Kí n sọ òtítọ́, torí èmi nìkan ló ń ka ìwé yìí. Nígbà míì mo máa ń fẹ́ kí olú yìí má hù. Kí Màmá àgbà máa lọ, kí n wọ aṣọ iléèwé mi ní ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn náà ojú á tì mí. Lẹ́yìn ìyẹn, ebi á pa mí, màá gbàgbé.


Ẹtì, 14

Ó ń funfun!!

Mo kàn fẹ́ lọ mú ìgbálẹ̀ ni. Mo tan iná fóònù, mo rí i. Lára àpò àkọ́kọ́, òwú funfun kan ń tàn ká inú lẹ́búlẹ́bú pákó, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èémí ara dígí. Mo wo èkejì. Òun náà. Mo sáré wo gbogbo wọn. Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nǹkan tí mo ti ń bú láti bí ọjọ́ mélòó wá yìí, ó mà ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Màámi dé, wọn ò tíì bọ́ bàtà tí mo fi fà wọ́n wọlé. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Ọwọ́ wọn ń rùn fún áyọ́ọ̀nù àti ọṣẹ. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó dàbí pé Ọlọ́run fẹ́ gbọ́ tiwa." Wọ́n fún mi ní odidi ẹyin lálẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán.

Màmá àgbà béèrè ohun tí à ń yọ̀ lé lórí. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, Màmá." Ó máa ń rẹni kí ènìyàn tó ṣàlàyé nǹkan fún wọn tán.


Ajé, 17

Mò ń sáré kọ èyí. Ẹ má wo ìkọ̀wé mi.

Ọ̀rẹ́ mi tí a ń pè ní Abẹ́rẹ́ torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní kí n wá da ìwé tí wọ́n kọ ní kíláàsì kọ. Ilé wọn ò jìnnà. Mo ní kí Màmá àgbà má fọwọ́ kan iná. Wọ́n fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kò sí ìjàǹbá. Omi ni wọ́n gbé kaná, wọ́n sì pa iná náà dáadáa.

Nígbà tí mo dé, ilẹ̀kùn yàrá kékeré ṣí sílẹ̀ gbayawu, aṣọ fèrèsé ti wá sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kún ibẹ̀. Màmá àgbà jókòó sórí àpótí ìjókòó, wọ́n ká apá aṣọ sókè bí ìgbà tí wọ́n wà nílé ìdáná iléèwé. Omi gbígbóná, ọṣẹ, kànrìnkàn. Wọ́n ti tú ọrùn gbogbo àpò náà. Wọ́n ń fọ̀ wọ́n. Wọ́n ń ha funfun yẹn kúrò, wọ́n ń dà á sínú báfù, òógùn ń bọ́ lójú wọn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. "O dé? Gbogbo ẹrù ìyá rẹ ló ti bu. Òórùn rẹ̀ ni mo gbọ́. Èéhù funfun ti bò ó. Ṣebí mo mọ̀ pé wọ́n á wá bá ẹ wí ni, mo ní kí n bá ẹ fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dé."

Mo pariwo. Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn yẹn nínú. Mo ní, "Olú nìyẹn! Olú náà lẹ̀ ń fọ̀ dànù yẹn!"

"Olú kọ́, èéhù ni."

"Èéhù ni olú!"

Kànrìnkàn bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́. Mi ò dákẹ́. Mo ní, "Ẹ máa lọ sọ́dọ̀ Alákòóso! Ẹ máa lọ, kí gbogbo wa sinmi!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ wọn nu omi ilẹ̀.


Ìṣẹ́gun, 18

Màámi ò bínú. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn pẹ̀lú báàgì léjìká, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún Màmá pé funfun ni yóò kọ́kọ́ dà?"

Èmi wo Màámi, Màámi wò mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.


Ọjọ́bọ̀, 20

Ọkùnrin olólú ní ká so ọrùn wọn padà, ká máa wò ó. Ó ní ohun tó bá fẹ́ yè á yè. Màámi sọ pé ohùn rẹ̀ lórí fóònù dàbí ti dókítà tí kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà tán.


Àìkú, 23

Ó ti di àwọ̀ ewé. Kì í ṣe funfun mọ́, àwọ̀ ewé ni, bí ìsàlẹ̀ ọpọ́n omi tí wọn kì í fọ̀. Ó ń rùn. Òórùn yẹn ti dé yàrá mi.

Èmi àti Màmá àgbà kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" lọ.


Ẹtì, 28

A kó gbogbo rẹ̀ dànù lónìí. Mo gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ ní méjì méjì lọ sí ibi ìdalẹ̀ lẹ́yìn ilé. Onígbàjámọ̀ rí mi, ó fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì irun lórí, ó wá bá mi kó o. Mo dúró de yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Nígbà tí a parí, ó ní, "Owó tó sùn kò dà bí èyí tó kú. Pẹ̀lẹ́." Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí ṣùgbọ́n mo fẹ́ sunkún.

Alákòóso pe fóònù. Mo gbọ́ ohùn wọn látinú yàrá. "Ìwọ náà ti gbìyànjú. Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀, màá wá gbé Màmá. Kí ẹrù wọn ti wà ní dídì."

Màámi ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi." Wọ́n wá lọ fọ àwo tó ti mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ni mo rí yìí. Mo fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé kò dùn.


Ọgbọ̀njọ́, ọjọ́ Àìkú

Mo lọ kó ìdajì oúnjẹ inú yàrá Màmá àgbà bí mo ṣe máa ń ṣe. Àwo wà lójú fèrèsé, ní ìdojúdé. Mo ṣí i. Kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Òmíràn wà lẹ́yìn rédíò. Òfìfo.

Mo rò pé wọ́n ti ń jẹun tán ni. Rárá o. Ilé ìdáná ni mo ti rí i: wọ́n ń bu ìdajì padà sínú ìkòkò kí wọ́n tó jókòó. Wọn ò dá nǹkan kan sí fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ajá onígbàjámọ̀ wá dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń wo òkè. Mo ní, "Kò sí."


Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù keje

Òjò láti àárọ̀. Báfù kún lẹ́ẹ̀mejì, omi sì tún rìn wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ń nu ilẹ̀ níbi tí ọwọ́ mi lè dé, Màmá àgbà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè bí ọmọdé.

Wọ́n dédé ní, "Ṣé wọ́n ti parí iléèwé fún òní ni?"

"Mi ò lọ, Màmá. Mi ò tíì lọ láti ìgbà yìí."

"Háà." Wọ́n fa aṣọ bo orúnkún. "Abájọ. Mo sì ń rò ó pé, ọmọ yìí ń pẹ́ dé. Oúnjẹ rẹ̀ á tutù."

Mo dá ọwọ́ dúró. Mo ní, "Oúnjẹ ta ni?"

"Tìrẹ kẹ̀! Níléèwé wa, ẹni tó bá pẹ́ dé láti orí pápá, tàbí tó ṣàìsàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Èmi ni mo máa ń fi àwo dé tirẹ̀. Tó o bá dá ìdajì sí, kò sí ọmọ tó máa febi sùn." Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. "Ṣùgbọ́n o ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo rí i pé ajá lò ń fún. Mi ò bá ẹ jà. Tèmi ti pọ̀ jù nínú ilé yìí."

Mo nu ibì kan náà, mo tún un nu. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n má bínú. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀, omi wà níbẹ̀."

Ẹsẹ̀ wọn ti wà lókè tẹ́lẹ̀.


Àìkú, 7

Mo bá Màámi sọ ọ́ nílé ìdáná. Mo ní kí Màmá àgbà má lọ mọ́, èmi á máa jókòó tì wọ́n, iléèwé ò sá lọ.

Màámi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Fún ìgbà wo?"

"Títí."

"O ò ní títí kankan. Kíláàsì rẹ ò ní dúró dè ọ́. Èmi fi ìwé sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ báyìí, wò mí: aṣọ tí mi ò mọ olówó rẹ̀ ni mò ń lọ̀." Wọn ò pariwo. "Ṣé o rò pé mo fẹ́ kí ìyá mi lọ? Ìyá mi ni. Sọ ohun tí màá fi sanwó fún ẹni tí á jókòó tì wọ́n fún mi, màá sì pe ẹ̀gbọ́n mi báyìí pé kí wọ́n má wá mọ́."

Omi ń dà lójú àwa méjèèjì. Àlùbọ́sà ni Màámi ń gé, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.


Ìṣẹ́gun, 9

Mo dá ìdajì búrẹ́dì mi sí, mo fi àwo dé e, mo gbé e sójú fèrèsé Màmá àgbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé ti ajá ni.


Àbámẹ́ta, 13

Mò ń kọ èyí lórí àtẹ̀gùn torí pé ilé kún. Ẹ jẹ́ kí n to ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àárọ̀ yìí la di ẹrù. Màámi ń ká aṣọ, wọ́n ń lọ èyí tí kò nílò lílọ̀. Màmá àgbà ti wọ bàtà láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, báàgì lórí itan, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọkọ̀ lọ fi òun sílẹ̀. Màámi ní kí n fa àpótí irin Màmá àgbà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo fà á, kò wá. Nǹkan ló há a. Mo dùbúlẹ̀ kí n wò ó, òórùn kan sì pàdé mi, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo tan iná fóònù.

Mo kọ́kọ́ rò pé etí ni. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Etí funfun, ńlá àti kékeré, wọ́n gbá jọ lórí ara wọn bí àwọn ọmọdé tó lúgọ síbì kan tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Wọ́n kún gbogbo ẹ̀yìn àpótí. Àwọn kan ti tẹ̀ mọ́ ògiri.

Mo ní, "Màámi."

"Fà á, ó wúwo ni."

"Màámi!"

Ohùn mi ló mú wọn dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwa méjèèjì wà lórí ilẹ̀ tútù, orí wa lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ Màmá àgbà tó wọ bàtà wà láàárín wa. Mo ń gbọ́ èémí Màámi.

Mo yọ orí jáde. "Màmá, ta ló kó olú síbí?"

"Olú wo?" Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n rò ó, rò ó. Ojú wọn wá là. "Háà! Mo ti gbàgbé pátápátá. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kó wọn dé, ẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́, mo ń fẹsẹ̀ tì wọ́n wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni ènìyàn ń tò síbì kan náà ni? Mo ní kí n bá yín dá díẹ̀ sí." Wọ́n wá fa orí sẹ́yìn, ẹ̀rù bà wọ́n. "Ṣé wọ́n ti bu ni?"

Màámi bú sẹ́kún. Wọ́n di ẹsẹ̀ ìyá wọn mú pẹ̀lú bàtà pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Wọn ò bu, Màmá. Wọn ò bu rárá."

Àpò mẹ́fà ni. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo kà lọ́jọ́ kìíní, mo kà á dáadáa! Etí àpótí irin ti ya ọ̀rá wọn lára, òrùlé tí a ò tún ṣe sì ń bá wa fín omi sí wọn lójoojúmọ́. Gbogbo ohun tí ọkùnrin olólú ní ká ṣe, wọ́n ti rí i gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́nikẹ́ni tó ṣe é.

Onígbàjámọ̀ gbọ́ ariwo, ó sáré gun òkè pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó rò pé olè ni. Ó dọ̀bálẹ̀ wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ó jí!" Ó tún pariwo rẹ̀ látojú fèrèsé fún ẹni tó fi sórí àga nísàlẹ̀: "Owó àwọn ará òkè ti jí o!"

Màámi gé olú kún apẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù, wọ́n gbé e lọ sí ilé oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ bí wọ́n ṣe wà yẹn, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórúnkún. Nígbà tí wọ́n padà, apẹ̀rẹ̀ ṣófo. Wọ́n jókòó kí wọ́n tó lè sọ iye. Olùdáná ibẹ̀ ní kí wọ́n mú òmíràn wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ la wà tí ìwo ọkọ̀ fi dún nísàlẹ̀. Alákòóso ti dé.

Wọ́n gun òkè, wọ́n ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, aago lọ́wọ́. "Ṣé ẹrù ti wà ní dídì? Mo fẹ́ kí á kúrò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀."

Màámi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Ẹ jẹun ná."

Olú ni wọ́n dín pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ẹyin. Kò sí àga tó ṣófo, Alákòóso bá jókòó sórí báàgì Màmá àgbà tí a ti dì. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n tún bù ú. Wọ́n wá ní, "Ṣé olú tẹ́ ẹ ní ó ti bà jẹ́ nìyí?"

Màámi tẹ̀ síwájú lórí àga, wọ́n sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́: bí Màmá ṣe dá mẹ́fà sí, iye tí ilé oúnjẹ san, pé àpò kan máa ń hù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé mẹ́fà nìkan kò lè tó láti fi gba ènìyàn. "Ṣùgbọ́n ó ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi Màmá sílẹ̀ fún mi di ìparí sáà tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín."

Alákòóso fi búrẹ́dì nu àwo. Gbogbo wa ń wo búrẹ́dì yẹn.

"Ètò yín ò dáa ni," ni wọ́n wí. "Ta ní ń tò ó síbì kan? Ìdajì ní ìhín, ìdajì ní ọ̀hún. Bí Màmá ṣe ṣe é yẹn ló yẹ. Màá san owó ogójì àpò míì. Màá san ti obìnrin náà fún oṣù méjì àkọ́kọ́." Wọ́n gbé ìka sókè. "Ṣùgbọ́n màá ní ìpín o! Mi ò fi tàánú ṣe é."

Màámi ní, "Ẹ máa ní ìpín, ẹ̀gbọ́n mi."

"Màmá ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ bá mi lọ, àbí ẹ fẹ́ dúró?"

Màmá àgbà wo báàgì wọn tí ọmọ wọn jókòó lé. "Kọ́kọ́ dìde lórí aṣọ mi."


Àìkú, 14

Mo tú ẹrù Màmá àgbà. Mo sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe ń so aṣọ kọ́. Mo ní, "Màmá, ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, kò dáa. Ẹ má bínú." Wọ́n ní ọjọ́ wo? Mo ní ọjọ́ kànrìnkàn. Wọ́n ní ọjọ́ wo ni ọjọ́ kànrìnkàn? Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbàgbé ni, tàbí wọ́n ń bá mi gbàgbé.

Mo mú wọn lọ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ni pé mo tan iná fóònù síbẹ̀ fún wọn. Mo fi èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń funfun hàn wọ́n, mo ní, "Tẹ́ ẹ bá rí irú eléyìí, Màmá, ẹ má fọ̀ ọ́. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Wọ́n ní ó ti yé àwọn. Lọ́la màá tún un sọ. Obìnrin tó ń bọ̀ náà, màá sọ fún un.

Olú la jẹ lọ́sàn-án. Màmá àgbà jẹ ìdajì, wọ́n mú àwo, wọ́n dé e. Wọ́n wá rántí pé mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ wọn dúró lórí àwo náà.

Mo ní, "Màmá, mo ti dé."

Wọ́n ṣí i fún mi. Ó ti tutù, iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ jù. Mo jẹ ẹ́ níwájú wọn, mo jẹ ẹ́ tán, mo fi ìka nu àwo.